Sọ́kẹ́ẹ̀tì Nọ́ńbà Mẹ́wàá

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀kítóbà, ní Brandon,
òtútù ti ń fi èékánná ha fèrèsé gáréèjì wa.
Rédíò ní yìnyín ò ní kọjá alẹ́ Mọ́ńdè.
Ẹ̀rọ tí ń gbá yìnyín dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń bínú:
mo fa okùn rẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlógún,
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
ó padà sùn.

Mi ò sáré tú u.
Ọ̀gá Làmídì, tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ní Ìkirè,
a máa gbá ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ tó bá sáré mú sípánà:
"Gbálẹ̀ ná! Ilẹ̀ tó dọ̀tí ní í gbé nọ́ọ̀tì mì."
Mo gbálẹ̀.
Mo tẹ́ páálí fìríìjì sílẹ̀.
Mo pa hítà, mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sókè díẹ̀,
torí iná àti pẹtiróòlù kì í jọ sùn lórí ẹní kan.

Fadérera, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo fún ní fóònù:
"Ya á kí n tó tú u. Ya á bí mo ṣe ń tú u.
Ọpọlọ bàbá rẹ ti ń jò bíi táńkì àtijọ́."
Kíréètì ẹyin la sọ di ilé bọ́ọ̀tù;
ó fi báírò kọ nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan,
ó fo méje, ó ní méje kì í ṣe ọ̀rẹ́ òun.
Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àpótí irin yìí, Dmytro ló ni ín, aládùúgbò wa,
ẹni tí kì í yá ènìyàn ní ohunkóhun.
Ọdún mẹ́rin la fi ń kí ara wa látorí ọgbà,
sípánà rẹ̀ kan ò sọdá rí.
Ó kú ní oṣù Júláì.
Orysia ìyàwó rẹ̀ fi ọmọlanke ti àpótí náà wá:
"Gbà á. Ó ń dí mi lọ́nà."
Gbogbo irin inú rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kùn lọ́rùn,
bí ẹni kọlà fọ́mọ kó má baà sọnù.

Mo tò wọ́n: sukudiráfà ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ, ẹlẹ́nu àgbélébùú,
ẹ̀mú, búrọ́ọ̀ṣì onírin, wáyà tínínrín tí yóò wọ imú kabúrétọ̀,
igò tí n ó ro epo èṣí sí
(ó ti pọ́n bíi tíì, ó ń rùn bí ọ̀dà),
púlọ́ọ̀gì tuntun nínú páálí rẹ̀, ìbọ̀wọ́, àkísà.
Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí ni àkísà náà.

Ó ku sọ́kẹ́ẹ̀tì.
Mẹ́jọ wà. Mẹ́sàn-án wà. Mọ́kànlá wà.
Láàárín, ihò kan ṣófo, eruku ti jókòó síbẹ̀.
Mẹ́wàá gan-an sì ni bọ́ọ̀tù tó di kabúrétọ̀ mú.
Mo wo ẹ̀mú. Mo gbọ́ ohùn Làmídì:
"Fi ẹ̀mú bo bọ́ọ̀tù lórí o,
kí o wá fi omijé tú u."

Mo kan ilẹ̀kùn Orysia.
Mo ṣàlàyé. Kò dáhùn.
Ó yọ ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ lápò:
kọ́kọ́rọ́ ilé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti tà,
àti láàárín wọn, irin kékeré kan, ọ̀dà pupa lọ́rùn.
"Àpò ló máa ń gbé e sí. Ó ní ìyẹn ló ń yára sọnù jù."
Ó fi èékánná já a kúrò, ó pẹ́ kó tó já.
"Mo yá ọ ni o. Mi ò fún ọ."
Mo ní mo gbọ́.
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti mú un.

Mo padà. Mo yọ wáyà lórí púlọ́ọ̀gì, mo so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
nítorí ẹ̀rọ tó ń sùn lè jí gé ìka jẹ.
Fadérera ya á.
Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ láti àpò obìnrin yẹn.
Mo fi dé bọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ lórí; ó jókòó pẹ́ẹ́, bí ìdérí ìkòkò.
N ò tíì yí i.